Oògùn Ọwọ́ Gbígbọ̀n àti Ọ̀rọ̀ Ìdílé Ẹ̀kúndayọ̀

Tèmítáyọ̀, ọmọ mi, àdùkẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Atukọ̀ tó mú un wá láti Igbókòdá nà án sí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé màmá rẹ ló gbà á, òun náà ló sì já a. Ó kà á sókè fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kà á tán, mo ní kó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wù mí jẹ mọ́.

Kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọmọ tí mo bí sínú ilé pákó, tí omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀, ló wá di nọ́ọ̀sì tó ń fún aláìsàn lóògùn ní Àkúrẹ́. Inú mi dùn. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí o lè mọ̀, nítorí ìyókù lẹ́tà yìí kò ní dùn.

Ìbéèrè méjì lo bi mí. O ní dókítà sọ pé irú oògùn mẹ́ta ló wà fún àìsàn Pákínsìn tó ń mú mi gbọ̀n, èwo ni mo fẹ́ kí a dì mú? O tún ní Bánkọ́lé, ọmọ Ẹ̀kúndayọ̀ ọ̀rẹ́ mi, fẹ́ fẹ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ó tó gba èsì lẹ́nu rẹ, ó sọ fún ọ pé wèrè ló mú bàbá òun kó tó kú, pé kí o lọ bi àwa òbí rẹ bóyá a lè fi ọmọ sí irú ìdílé bẹ́ẹ̀. O ní kí n ṣe ìwádìí bí òbí ti máa ń ṣe, kí n sì dá ọ lóhùn kíákíá.

Kò sí ìwádìí kankan tí mo fẹ́ ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ èsì rẹ̀. Àmọ́ mi ò lè dáhùn èkejì láì kọ́kọ́ dáhùn èkínní, torí inú ọ̀rọ̀ oògùn ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀kúndayọ̀ wà. Fara balẹ̀ kà á. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ ọ́, mi ò jẹ́ kí màmá rẹ bá mi kọ ọ́. Bí o bá rí i tí ọ̀rọ̀ ń kéré sí i lórí ìlà, oògùn ló ń kúrò lára mi. Màá dúró, màá sì tún padà wá.

Ilé ìwé ní Òkìtìpupa lo wà nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀, a ò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Imú mi ló kọ́kọ́ kú. Màmá rẹ ní kí n máa ṣọ́ ẹja tó gbé sórí ààrò, òun fẹ́ lọ bá àwọn obìnrin ìjọ. Mo jókòó ti ẹja náà títí ó fi jóná di èédú, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ó bá mi jà, èmi náà sì bá a jà, mo ní ó ń sọ mí di ọ̀lẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí lára ìka tó tẹ̀lé e bí ẹni ń yí òkèlè púpurú. Bí mo bá gbá ayùn mú, ó máa ń dákẹ́. Bí mo bá gbé ayùn sílẹ̀ tí mo fi ọwọ́ lé itan láti sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá kan ẹsẹ̀. Màá fẹ́ gun afárá pákó, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á rò pé mò ń gbàdúrà.

Èkínní, Tayọ̀ mi: má ṣe fẹnu júwe àìsàn fún ẹni tó ń tajà. Èmi ṣe é. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá, mo bá ọkùnrin kan tó ń ta oògùn nítòsí èbúté, mo na ọwọ́ sí i pé kó wò ó. Kò bi mí lọ́jọ́ orí. Ó wọn oògùn funfun kéékèèké kan fún mi, bẹnsẹsọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kí ló dé tí mi ò lọ bá dókítà? Mo rò pé ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún kan ọkọ̀ ojú omi, tó lè fojú wọn pákó kó má yẹ̀, kò yẹ kó lọ jókòó síwájú ọmọdé kó máa gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Ìgbéraga ni. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ọwọ́ mi rọlẹ̀, mo sì tún ń gbá ìṣó wọlé tààrà. Ṣùgbọ́n gbígbọ̀n nìkan ló mú lọ. Ara mi ṣì le, ẹsẹ̀ mi ṣì ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnu mi gbẹ, ojú mi ń ṣú, ìgbọ̀nsẹ̀ di ogun, bí mo bá fẹ́ tọ̀, màá dúró títí ẹsẹ̀ á fi ro mí. Mo ń gbàgbé orúkọ ènìyàn. Lọ́jọ́ kan mo rí ajá pupa kan lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi, mo ju òòlù lù ú. Kò sí ajá níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ojú tì mí ju bí ẹ̀rù ti bà mí lọ, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó pẹ́ ni dókítà wá sọ fún mi pé ọ̀dọ́ ló lè gbé oògùn yẹn, pé arúgbó tó bá ń lò ó, ọpọlọ rẹ̀ ló fi ń sanwó ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún dárúkọ rẹ̀ níwájú rẹ, sọ pé bàbá rẹ kọ̀ ọ́. Kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n. Mo fẹ́ mọ̀ pé ìwọ ni o wọlé nígbà tí o bá wọlé.

Èkejì: ohun tí ara bá ti mọ́, má ṣe já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó mú kí n da gbogbo oògùn funfun náà sínú omi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Màá sọ ohun náà kí n tó parí, mo ṣèlérí. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo dà á nù, ara mi gan pa, mi ò lè yí ọrùn, mi ò lè gbé itọ́ mì. Màmá rẹ àti ọkùnrin mẹ́ta ló gbé mi sínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé mi gba Igbókòdá lọ sí Àkúrẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti bá dókítà obìnrin tí ìwọ náà mọ̀ báyìí pàdé. Ó ní, “Bàbá, ẹ kọ orúkọ yín fún mi.” Mo kọ ọ́. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ tóbi, ibi tí mo parí sí kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Ó wò ó, ó ní kì í ṣe ayé ló ń ṣe mí, kì í ṣe àárẹ̀ lásán, ó sì pe àìsàn náà lórúkọ. Ó wá fún mi ní oògùn kejì, lẹfodópà.

Èyí ni mò ń lò títí dòní. Òun ló tú ara mi. Ó máa ń mú èébì wá níbẹ̀rẹ̀, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo fi ṣe, kí o lè máa rántí rẹ̀ tí aláìsàn láti etí omi bá dé ọ̀dọ̀ yín. O mọ̀ pé níbí a kì í gbé oògùn líle mì sínú ikùn òfìfo. A gbà pé oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kí sì ni oúnjẹ wa? Ẹja la fi ń jí, ẹja la fi ń kí àlejò, ẹja la fi ń tu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Màmá rẹ á se ọbẹ̀ ẹja gbígbóná, á yọ ẹran inú rẹ̀ fún mi, màá jẹ ẹ́ dé ìdajì, màá gbé oògùn mì, màá sì fi omi ọbẹ̀ tì í lọ. Lọ́jọ́ kan á gbé mi, lọ́jọ́ méjì kò ní gbé mi. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Mo ní kí wọ́n rà á níbòmíràn, ọ̀kan náà ni. Mo wá dojú kọ màmá rẹ, mo ní ó ń dín oògùn mi kù. Obìnrin tó ń wẹ̀ mí, tó ń wọ ṣòkòtò fún mi, mo pè é lólè níwájú àwọn aládùúgbò. Ó kàn palẹ̀ àwo mọ́, ó sì lọ fọ̀ ọ́.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí a tó padà sí Àkúrẹ́. Dókítà ní, “Bàbá, kí lẹ fi ń gbé e mì?”

Mo ní, “Ọbẹ̀ ẹja.”

Ó gbé ọwọ́ lérí. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan náà ni ẹja àti oògùn yẹn ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀, pé ẹja lágbára jù, òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, oògùn á dúró síta títí agbára rẹ̀ á fi tán. Ó ní kí n máa fi omi lásán gbé e mì, kí n dúró tó ààbọ̀ wákàtí kí n tó jẹun, bí mo bá sì ti jẹun, kí n jẹ́ kó tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí n tó lò ó, kí n gbé ẹja tó pọ̀ sí oúnjẹ alẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dìde lórí àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà mí. Màmá rẹ bú sẹ́kún, èmi náà sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń ka oògùn sókè níwájú mi, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, kí n lè gbọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó.

Ọ̀rọ̀ ti ń kéré sí i lórí ìlà. Jẹ́ kí n dúró níbí.

Mo ti padà. Ọ̀sán ti pọ́n báyìí, màmá rẹ ti lọ sí ọjà. Bí o ti rí i yìí ni lẹfodópà ṣe rí lọ́dún kẹfà. Omi á kún, omi á gbẹ. Ó ń gbé mi fún wákàtí méjì, bóyá méjì àbọ̀, lẹ́yìn náà màá di igi títí mo fi tún lo òmíràn. Nígbà tó bá sì kún jù, ọrùn àti èjìká mi á máa jó ijó tí ẹnikẹ́ni kò lù fún un. Àwọn ọmọdé máa ń dúró wò mí. Mo bi dókítà bóyá ọ̀kan wà nínú oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń wo àìsàn náà sàn. Ó wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n kàn ń bo ohun tó hàn síta ni, àìsàn náà ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́. Mo ti kan ọkọ̀ tó jẹrà rí, mo sì mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀dà lórí pákó jíjẹrà. Kò sí ìrètí níbẹ̀, Tayọ̀. Má ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ ìrètí sí mi mọ́. Ó ń rẹ̀ mí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí dókítà fẹ́ fi kún un báyìí, pramipẹsọ́ọ̀lù. O kọ ọ́ dáadáa, o sì ṣe bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́: pé ó ń pẹ́ lára ju lẹfodópà lọ, pé kíkún àti gbígbẹ náà á dín kù, pé ẹja kò ní í di ọ̀nà mọ́ ọn. Ó dára. O sì kọ apá kejì, mo dúpẹ́ pé o kò fi pa mọ́: pé oorun lè gbé ènìyàn lójijì bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, pé ẹsẹ̀ lè wú, pé àwọn kan ń ta tẹ́tẹ́ láìlè dáwọ́ dúró, àwọn mìíràn ń sá tẹ̀lé obìnrin. Nígbà tí màmá rẹ ka ibi ti obìnrin yẹn, ó ní bí mo bá lè sáré bá ọ̀kan, kí n mú un wálé kó wá bá òun fọ abọ́. Ọjọ́ yẹn nìkan ni a rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí lẹ́tà rẹ ti dé.

Ti oorun yẹn kò ṣeé ṣe níbí. Òkun ti kó ilé ìlà méjì lọ níwájú wa, àwa la wà létí rẹ̀ báyìí, ọkọ̀ sì ni mò ń wọ̀ lọ sí ibikíbi. Ẹni tó bá sùn lójijì nínú ọkọ̀, ẹja ló ń jí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fi kọ̀. O kọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá pé ó lè mú kí arúgbó máa rí ohun tí kò sí. Nígbà tí màmá rẹ ka ibẹ̀, mo ní kó dákẹ́. Mi ò lè lo ohunkóhun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Èsì mi lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: lẹfodópà nìkan, kí dókítà pín in sí wẹ́wẹ́ kí n máa lò ó lemọ́lemọ́, bó ti sọ pé ó ṣeé ṣe. Nígbà tí kò bá gbé mi mọ́ rárá, ẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì já a gbà lọ́wọ́ mi lójijì.

Mo ti fi oògùn mẹ́ta sá fún ọ̀rọ̀ kan. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ìwọ mọ Ẹ̀kúndayọ̀. Òun ló kọ́ ọ bí a ti ń tu ọkọ̀. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, ìgbà tí ohun gbogbo nílùú wa jẹ́ ti gbogbo wa la sì dàgbà. Ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ẹja tìlú ni. Wọ́n bá rán aṣọ, ẹni tí tirẹ̀ gbó ni wọ́n ń fún. Kò sí ẹni tó ní àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìgbà yẹn ti lọ, olúkúlùkù ti ń dá tirẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò kúrò lára èmi àti òun. Àwọ̀n rẹ̀, tèmi ni. Ayùn mi, tirẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó kọ́ wa rí pé ohun kan wà láyé tó jẹ́ ti ara ẹnì kan ṣoṣo.

Ó wá sí ibi iṣẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgbà tí oògùn funfun yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọwọ́ mi rọlẹ̀. Mo bu omi fún un. Nígbà tó gbé ife náà dé ẹnu, ó ti dà sí i láyà tán. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ó na ọwọ́ náà sí mi, ó ní, “Ọghọ́ mi nìyí, Jósẹ́fù. Éè gbọ́ tèmi mọ́.”

Mo ní, “Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.”

Mo ṣí ìgò, mo da ìdajì rẹ̀ sínú ìwé, mo fún un. Kò tọrọ rẹ̀. Inú mi dùn láti fún un, mo ń wo ara mi bí ènìyàn rere. Àwọn àgbà ní oògùn tí a ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ì bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ààrò ló gbé tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀, ìwọ nọ́ọ̀sì? Tèmi ń gbọ̀n nígbà tí ọwọ́ bá sinmi, ó sì ń dákẹ́ nígbà tí mo bá di nǹkan mú. Tirẹ̀ ń dákẹ́ nígbà tó bá sinmi, ó sì ń gbọ̀n nígbà tó bá gbé nǹkan. Kì í ṣe àìsàn kan náà rárá. Nígbà tí mo júwe rẹ̀ fún dókítà, tí mo purọ́ pé ará ọ̀nà jíjìn kan ló ni ín, ó ní gbígbọ̀n irú èyí kì í pa ènìyàn, ó pọ̀ lára àgbàlagbà, pé oògùn tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà náà, èmi kò mọ̀. Mo ní kó sọ ọ́ di méjì-méjì.

Ó sọ ọ́ di méjì-méjì. Ó wá sọ fún mi pé ìtọ̀ kò wá mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, kó mu omi sí i. Ó wá sọ pé òun ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń jókòó sórí àwọ̀n òun, ọmọ rere ni wọ́n, wọn kò ba nǹkan kan jẹ́. Mo rántí ajá pupa tèmi. Gbọ́ mi, Tayọ̀: mo rántí rẹ̀. Mo mọ̀ pé oògùn náà ló ń ṣe é. Ẹnu mi ṣí láti sọ ọ́, ojú sì tì mí láti jẹ́wọ́ pé èmi náà ti ń rí ohun tí kò sí. Mo ní, “Á lọ.”

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ní òwúrọ̀, obìnrin kan tó ń fọṣọ rí i tó ń rìn lórí afárá pákó, ó na ọwọ́ kan sílẹ̀ bí ẹni tó fa ọmọdé lọ́wọ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ibi tí afárá ti yà, kò yà. Ó ń lọ tààrà. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wẹ̀ nínú òkun kò gbé apá sókè nínú odò kékeré tó wà lábẹ́ afárá yẹn. Nígbà tí wọ́n fi gbé e jáde, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Àwọn àgbà pè mí nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo jẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, “Jósẹ́fù, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ṣé orí rẹ̀ ti ń dàrú tẹ́lẹ̀ ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo délé, mo da oògùn sínú omi. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn jáde nílé ìpàdé, ó wọ ọjà, ó wọ ọkọ̀ dé Ugbò. Wèrè wà nídìílé Ẹ̀kúndayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Mojísọ́lá, àbúrò Bánkọ́lé, yẹ̀ ẹ́ láàárín oṣù kan. O mọ̀ ọ́n, ẹ jọ kàwé ni. Ó ṣì wà nílé ìyá rẹ̀ títí dòní, kò sí ẹni tó tún wá bèèrè rẹ̀. Bánkọ́lé fúnra rẹ̀ ń rìn káàkiri tó ń ṣọ́ orí ara rẹ̀. Ọmọlúàbí ọmọ yẹn wá sọ fún ọ kí o má bàa kó sí páńpẹ́, irọ́ mi ló sì ń sọ. Màmá rẹ ń gbé ẹja lọ fún opó Ẹ̀kúndayọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí àánú, kò mọ̀ pé èmi ni òun ń bá tọrọ ìdáríjì. Ìdí tí mo fi dá lẹ́tà yìí kọ nìyẹn.

Ìmọ̀ràn wo ló tún kù tí irú èmi lè fún ènìyàn? O ti di nọ́ọ̀sì. Wọ́n á máa sọ fún ọ lẹ́nu iṣẹ́ pé àìsàn wọn jọ ti aládùúgbò wọn, pé kí o fún wọn nínú èyí tí o fún un. Bi wọ́n léèrè ìgbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń gbé oògùn mì. Bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń rí nǹkan, kí o sì bi wọ́n níkọ̀kọ̀, nítorí ojú á tì wọ́n. Bí ìwọ bá sì ṣàṣìṣe lọ́jọ́ kan, nítorí wàá ṣàṣìṣe, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Àṣìṣe tí mo ṣe lórí oògùn, bóyá Ọlọ́run á rí i pé mi ò mọ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni” tí mo sọ, kò sí ohun tí mo lè fi bò ó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò lò ju mẹ́fà lọ, ó sì ti bà mí jẹ́ tán kí òtítọ́ tó dé. Lọ́jọ́ Ajé màá lo oògùn láàárọ̀ pẹ̀lú omi lásán, nígbà tó bá gbé mi, màá sọ fún màmá rẹ, lẹ́yìn náà màá lọ bá Màmá Bánkọ́lé nínú ilé rẹ̀. Bí wákàtí méjì náà kò bá tó, kí n di igi síbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni màá ti lọ síwájú àwọn àgbà tó bi mí léèrè nígbà náà, àwọn tó ṣẹ́kù nínú wọn. Mi ò retí pé ẹnikẹ́ni á dárí jì mí. Bí a bá dárí jì mí, mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe.

Má ṣe dáhùn lẹ́tà yìí. Ka gbogbo rẹ̀ fún Bánkọ́lé, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má ṣe fi kún un pé bàbá rẹ kò mọ̀, nítorí mo mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí. Bí ó bá sọ pé òun kò lè fẹ́ ọmọ mi, má ṣe bẹ̀ ẹ́, má sì ṣe bínú sí i. Bí ó bá ṣì fẹ́ ọ, fẹ́ ẹ, kí ẹ sì bímọ láìfòyà, nítorí kò sí wèrè nínú ìdílé wọn, kò sì sí i rí. Kí o wojú rẹ̀ nígbà tí o bá ń sọ èyí fún un: orí bàbá rẹ̀ pé. Ó pé títí di ọjọ́ tí mo na oògùn sí i.

Èmi ni,
Jósẹ́fù, bàbá rẹ.